Mítà Tòkunbọ̀: Ẹ Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Mítà tí àwọn rewáyà àti àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń wọn iná ni mo fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí. Kí ìyá ẹlẹ́ja tútù má sọ pé kò kan òun o! Bí mítà bá purọ́ fún ẹni tó ń tún firísà yín ṣe, ẹ̀yin lẹ máa sanwó ohun tí kò bàjẹ́, ẹja á sì jẹrà.

Mítà tuntun tó dára wọ́n, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń ra tòkunbọ̀. Kò burú. Ẹ wo Avo 8 ti Ìlú Ọba, àpótí dúdú tó wúwo, tó ní abẹ́rẹ́ lójú. Wọ́n ti dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 2008, síbẹ̀ èyí tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ ìtọ́jú ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àmọ́ níwájú ẹni tó ń tà á ni kí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe pé kí ẹ gbé e délé kí ẹ tó káwọ́ lérí.

Èkíní, ẹ wo ilé bátìrì. Bí bátìrì bá ti yọ omi síbẹ̀, tí irin ti dípẹtà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré ha á, ẹ fi sípíríìtì nù ún, kó gbẹ. Bó bá ti jẹ wọ inú dé ibi àwọn wáyà wẹ́wẹ́, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Èkejì, ẹ wo fíúsì. Bí ẹnì kan bá ti fi wáyà lásán rọ́pò rẹ̀, ewu ńlá ni! Fíúsì ló yẹ kó jó, kí mítà má baà bú gbàmù lọ́wọ́ yín. Irú tirẹ̀ gan-an ni kí ẹ rà sí i.

Ẹ̀kẹta, ẹ yí i sí ohm, kí ẹ fi ẹnu wáyà méjèèjì kanra. Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ sáré lọ sójú òdo. Bó bá ń há lọ́nà, ẹ fi sílẹ̀. Bátìrì méjì ni Avo 8 ń lò: 1.5 volt àti 15 volt. Bí ohm kékeré bá dáhùn, tí èyí tó ga jù kò dáhùn, bátìrì 15 volt ló sábà máa ń kú. Ó ṣọ̀wọ́n lọ́jà, ẹ fi ìyẹn ná an wálẹ̀!

Bó bá jẹ́ irinṣẹ́ tí à ń so mọ́ iná ilé, tó sì ti Amẹ́ríkà wá, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Iná tiwọn jẹ́ 120 volt, tiwa 230. Bí kò bá ṣeé yí, ẹ wá tiransífọ́mà. Èyí tó ní dígí bíi tẹlifíṣọ̀n, ẹ má kánjú tú u: iná ṣì lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́.

Èyí tó wá ṣe kókó jù ni pé mítà tó ti kú náà á sọ pé kò síná. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà, ẹ kọ́kọ́ wọn ibi tó dá yín lójú pé iná wà. Ẹ wá wọn wáyà tí ẹ fẹ́ ṣe. Kí ẹ tún padà wọn ti àkọ́kọ́. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá, ṣùgbọ́n irọ́ mítà kì í dúró di ogún ọdún kó tó pani.

Owó ṣeé wá padà, ẹ̀mí ò ní àrọ́pò. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.