Ẹ wo nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó rà á

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n fi bá àwa tí a ń tún mọ́tò àtijọ́ ṣe sọ̀rọ̀.

Mo ní Volkswagen Ìjàpá kan ti ọdún 1977, irú èyí tí wọ́n ń tò pọ̀ ní Èkó nígbà náà. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú, mẹkáníìkì mi bá mi ra àlòkù kan. Iṣẹ́ náà kò pẹ́ rárá, nítorí bóòtù mẹ́rin péré ló de ẹ́ńjìnnì Ìjàpá mọ́ gíà, kò sì ń lo omi. Ṣùgbọ́n a kò gba rísíìtì, a kò sì wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, lábẹ́ ibi tí jẹnẹrétọ̀ jókòó sí.

Kò pẹ́ tí ọlọ́pàá fi dá mi dúró. Nọ́ńbà inú ìwé ọkọ̀ yàtọ̀ sí ti ara ẹ́ńjìnnì. Àgbà bíi tèmi, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ṣàlàyé pé n kì í ṣe olè! N kò bá wọn wí, ara mi ni mo bá wí.

Àwọn kan á ní, “Mọ́tò ogbó, ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò?” Irọ́ ni o! Ẹ gba rísíìtì tí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti orúkọ ẹni tó tà á wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì lọ yí ìwé ọkọ̀ yín padà kí ẹ tó gbé e jáde. Ẹ má sì ta ẹ́ńjìnnì àtijọ́ yẹn fún onírin àlòkù, ó lè ṣeé tún ṣe lọ́la.

Àwọn àgbà ní ẹni tó gbépo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì,
Abẹ́òkúta.