Gbájúẹ̀ Tí Ó Wọ Aṣọ Ọdẹ

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Ó kan ìyá tí ń pàtẹ ọjà ní Ìyànà-Ìbà tí ó ń fi fóònù gba owó lọ́wọ́ oníbàárà. Ó kan akẹ́kọ̀ọ́ LASU tí gbogbo iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Ó sì kan ẹnikẹ́ni tí ó bá ní owó ní báǹkì. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò mú ọ̀bọ yóò ṣe bí ọ̀bọ. Gbájúẹ̀ ayé ìsinsìnyí mọ ìtumọ̀ òwe yìí dáadáa. Nígbà tí ó rí i pé àwọn ènìyàn ti ń bẹ̀rù olè orí ẹ̀rọ, ó bọ́ aṣọ olè sílẹ̀, ó wọ aṣọ ọdẹ, ó sì wá ń kan ilẹ̀kùn pé òun wá bá wa ṣọ́ ilé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2021. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, NCC, àjọ tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, kéde ìkìlọ̀ kan tí ó gbà láti ọ̀dọ̀ ngCERT, ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣọ́ ewu orí kọ̀ǹpútà. Flubot ni orúkọ ohun tí wọ́n ń kìlọ̀ nípa rẹ̀. Fóònù Android ni ó ń bá jà, àtẹ̀jíṣẹ́ sì ni ó ń gùn wọlé. Nígbà mìíràn yóò díbọ́n pé òun ni DHL tàbí FedEx, pé ẹrù kan ń bọ̀ wá bá yín. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀wù ààbò ni yóò wọ̀: yóò ní kí ẹ wá gba àtúnṣe tuntun tí yóò dáàbò bo fóònù yín. Ní New Zealand ní àkókò kan náà, ọ̀rọ̀ náà tiẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú ìwé tí àtẹ̀jíṣẹ́ náà ń gbé àwọn ènìyàn lọ kọ ọ́ gàdàgbà pé Flubot ti wọ inú fóònù wọn, kí wọ́n yára fi àtúnṣe ààbò sí i kí wọ́n lè lé e jáde. Irọ́ ni. Flubot kò tíì wọlé rárá. Àtúnṣe tí wọ́n ní kí wọ́n fi sí i yẹn gan-an ni Flubot. Olè dárúkọ ara rẹ̀ kí onílé lè bá a ṣílẹ̀kùn!

Ẹ̀yin yóò béèrè pé báwo ni ó ṣe ń ráyè. Bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Fóònù Android kì í ṣàdédé gba ètò tí kò ti inú Google Play wá, àfi bí olówó rẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Nítorí náà, ojú ìwé èké yìí yóò fi sùúrù kọ́ yín bí ẹ ó ti fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn èyí ni ètò náà yóò béèrè àṣẹ kan tí wọ́n ń pè ní Accessibility. Àwọn tí ojú wọn kò ríran dáadáa àti àwọn tí ọwọ́ wọn kò lè tẹ ẹ̀rọ bí ó ti yẹ ni wọ́n dá àṣẹ yìí sílẹ̀ fún. Ètò tí ó bá gbà á lè ka ohun tí ó wà lójú fóònù, ó sì lè tẹ bọ́tìnì ní ipò onífóònù. Ohun tí a ṣe láti fi ran afọ́jú lọ́wọ́ ni olè sọ di ojú tirẹ̀. Bí ó bá ti gba àṣẹ náà tán, yóò gbé ojú ìwé báǹkì èké lé orí ti òótọ́, yóò máa ka àtẹ̀jíṣẹ́ tí nọ́ńbà àṣírí báǹkì ń bá wọlé, yóò kó orúkọ gbogbo ẹni tí ó wà nínú fóònù ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀, àwọn náà yóò sì gba àtẹ̀jíṣẹ́ tiwọn. Bí olówó fóònù bá fẹ́ yọ ọ́, kò ní gbà.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, Europol kéde pé àwọn ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè mọ́kànlá ti pawọ́ pọ̀, àti pé àwọn ọlọ́pàá Netherlands ti já ẹ̀rọ tí ń darí Flubot gbà ní oṣù karùn-ún. Ó dára bẹ́ẹ̀. Flubot ni ó kú. Ọgbọ́n tí ó lò kò kú.

Kí a má ṣe rò pé ọgbọ́n tuntun ni. Ní oṣù kejìlá ọdún 2008, FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń gbèjà oníbàárà, pe ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Innovative Marketing lẹ́jọ́. Belize ni wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, Kiev ní ilẹ̀ Ukraine sì ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Ọjà tí ó ń tà ni WinFixer, XP Antivirus àti àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀. Ènìyàn jókòó jẹ́ẹ́ sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ojú ìwé kan ṣàdédé ṣí, ìlà kan ń sáré kọjá bí ẹni pé wọ́n ń yẹ inú ẹ̀rọ wò, kò pẹ́ ni ó kígbe pé fáírọ́ọ̀sì ti pọ̀ níbẹ̀, kí ó san nǹkan bí ogójì dọ́là kí wọ́n tó lè kó wọn kúrò. Kò sí àyẹ̀wò kankan níbẹ̀. Àwòrán lásán ni. Síbẹ̀, àwọn tí ó ra ọjà náà lé ní 1,000,000. Ní ọdún 2012, ilé-ẹjọ́ ní kí ọ̀kan nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn san owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 163 dọ́là.

Láti orí kọ̀ǹpútà ni ó ti fò sórí fóònù. Ní ọdún 2014, ètò kan tí ń jẹ́ Virus Shield wà lórí Google Play ní 3.99 dọ́là, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ènìyàn tí ó rà á, gbogbo iṣẹ́ tí ó sì ń ṣe kò ju pé kí ó yí àmì kan padà sí òmíràn bí a bá tẹ̀ ẹ́. (Èyí tiẹ̀ sàn, nítorí kò ba ohunkóhun jẹ́ ju àpò ènìyàn lọ.) Ní ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ AV-Comparatives dán antivirus 250 wò fún fóònù Android, ọgọ́rin péré ni ó lè dá ju ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ètò búburú mọ̀. Ní ọdún 2022, àwọn olùwádìí Check Point rí ètò mẹ́fà lórí Google Play tí wọ́n pe ara wọn ní antivirus, tí wọ́n sì gbé SharkBot, olè owó báǹkì, sínú. Ní ọdún 2024 pẹ̀lú, ilé-iṣẹ́ méjì ní Cyprus, Restoro àti Reimage, gbà láti san mílíọ̀nù 26 dọ́là nítorí FTC fi ẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n ń fi irọ́ dẹ́rù ba àwọn oníkọ̀ǹpútà kí wọ́n lè ra àtúnṣe.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń fi ẹni tí ó bá kó sínú páńpẹ́ yìí ṣe yẹ̀yẹ́, pé òpè ni. N kò fara mọ́ ọn. Ẹni tí kò bìkítà nípa fóònù rẹ̀ kì í tẹ bọ́tìnì ààbò. Ẹni tí ń ṣọ́ra, tí ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má jí owó òun, ni wọ́n ń mú. Ìṣọ́ra rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe okùn tí wọ́n fi dè é. Yẹ̀yẹ́ wa sì ń ṣe ibi mìíràn: ìtìjú a máa mú kí ẹni tí ó ṣe fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ wákàtí àkọ́kọ́ gan-an ni báǹkì lè ràn án lọ́wọ́.

Ní agbègbè tiwa, ohun kan wà tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà gbóná sí i. Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò ti di ìlú akẹ́kọ̀ọ́ nítorí LASU tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1983. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wà, ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé á wà níbẹ̀, fláàṣì kan á sì máa ti inú kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí òmíràn láti àárọ̀ dalẹ́. Ọjà Alábà kò jìnnà, ọ̀pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tí a ń rà ni ó sì jẹ́ tòkunbọ̀. N kò bú tòkunbọ̀, òun ni agbára wa ká. Ṣùgbọ́n Microsoft ti dá àtúnṣe Windows XP dúró ní ọdún 2014, ti Windows 7 ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, àti àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń gbà fún Windows 10 ní oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ẹni tí ó bá ń lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀kùn òun kò le. Bí ọdẹ èké bá dé, inú rẹ̀ á máa dùn.

Ohun tí ó dùn mí jù ni ti crack. Oníbàárà yóò gbé kọ̀ǹpútà wá fún ẹnjiníà wa, ẹnjiníà yóò fi antivirus olówó gọbọi sí i, yóò sì fi ètò kékeré kan já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kí ó má bàa sanwó. Kí ètò ìjákọ́kọ́rọ́ náà tó lè ṣiṣẹ́, ó níláti kọ́kọ́ pa Defender tí ó ti wà nínú Windows. Ta ni ó kọ ètò náà? Kò mọ̀ ọ́n. Kí ni ó tún wà nínú rẹ̀? Kò mọ̀ ọ́n. Ó ti lé ọdẹ òótọ́ lọ, ó sì fi àjèjì sí ẹnu ọ̀nà, ó tún wá gba owó iṣẹ́. Àwọn kan yóò wí pé antivirus wọ́n ju agbára tálákà lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n láti ìgbà Windows 8 ní ọdún 2012 ni Defender ti ń bá Windows wá lọ́fẹ̀ẹ́. Kí a jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Bí ó bá ti wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Kí ẹ kọ́kọ́ já kọ̀ǹpútà náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá ti fi nọ́ńbà káàdì báǹkì sílẹ̀, ẹ fi fóònù mìíràn pe báǹkì kí wọ́n ti káàdì náà. Ẹ̀rọ mìíràn tí ó mọ́ ni kí ẹ ti yí ọ̀rọ̀ aṣínà yín padà, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ti ímeèlì, nítorí ẹni tí ó bá ní ímeèlì yín lè gba gbogbo èyí tí ó kù. Lẹ́yìn náà, ẹ lo Defender Offline, èyí tí ń pa kọ̀ǹpútà, tí ó ń tún un tàn, tí ó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò kí Windows tó jí. Bí kò bá gbọ́, ẹ kó àwọn ìwé àti àwòrán yín jáde, ẹ má ṣe kó ètò kankan, kí ẹ sì fi Windows tuntun tí ó ti ọ̀dọ̀ Microsoft wá sí i.

Mo fẹ́ kí àwọn ẹnjiníà wa gbọ́ èyí. Ẹ má ṣe yára láti nu gbogbo inú ẹ̀rọ. Ní nǹkan bí ọdún 2011, irú àwọn ètò èké kan jáde tí wọ́n ń fi àwọn fáìlì pamọ́ kí olówó wọn lè rò pé ó ti bàjẹ́ tán. Kò sí èyí tí ó bàjẹ́. Wọ́n kàn fi wọ́n pamọ́ ni, ẹni tí ó bá sì ní kí Windows fi fáìlì tí ó pamọ́ hàn yóò rí wọn. Ẹ fojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ tí iṣẹ́ ọdún kan rẹ̀ wà níbẹ̀ ní pípé, tí ẹnjiníà wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ nù ún.

Ti fóònù kò pọ̀. Ẹ gbé e sí Safe Mode, níbi tí ètò tí ẹ fi sí i fúnra yín kò ti lè ṣiṣẹ́, kí ẹ sì yọ ọ́ níbẹ̀. Bí ó bá ṣagídí, ẹ dá fóònù padà sí bí ó ti rí nígbà tí ó kúrò ní ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é, kí ẹ má sì ṣe dá ẹ̀dà tí ẹ pa mọ́ lẹ́yìn tí àìsàn náà ti wọlé padà sínú rẹ̀. Kí ẹ sì sọ fún àwọn tí orúkọ wọn wà nínú fóònù yín.

Ìkìlọ̀ tí NCC ṣe ní ọdún 2021, mo gbóríyìn fún wọn nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ilẹ̀ Àwórì ni Ìbà àti Ọ̀jọ́. Bí a bá sì ti ń lọ sí apá Àgbádárìgì, èdè Ẹ̀gùn ni à ń gbọ́. Ìyá tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan kì í ka ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ó ń fi fóònù gba owó lójoojúmọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni ó lè gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sì pé kí ó gùn. Mo dá a lábàá pé kí a tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kan, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri gbogbo ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé àti ìsọ̀ àwọn tí ń tún fóònù ṣe, láti ẹnu ọ̀nà LASU dé Òkòkòmáíkò: "Kò sí ojú ìwé kankan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó lè rí inú fóònù yín. Bí ó bá ní òun rí fáírọ́ọ̀sì níbẹ̀, ẹ pa ojú ìwé náà dé, ẹ má ṣe tẹ ohunkóhun. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹ pe báǹkì yín lónìí." Kí ẹni tí ó bá gbọ́ Ẹ̀gùn dáadáa láàárín wa bá wa kọ tirẹ̀ sí abẹ́ èyí kí a tó gbé e lọ síbi ìtẹ̀wé.