Ẹ Ka Ohun Tí Wọ́n Kọ Sára Tírélà Kí Ẹ Tó Béèrè Iye Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ Ìgbòho ní agbègbè Maryland, a kú ewu ìjàǹbá tírélà ẹgbẹ́ wa lójú ọ̀nà I-95. Ẹni tó wakọ̀ lọ́jọ́ náà ti ti ọsibítù dé, ọmọ tó jókòó tì í kò fara pa rárá, Ọlọ́run ló ṣe é. Gbogbo wa la ti wo fídíò náà. Àwọn kan tilẹ̀ ti fi í ránṣẹ́ sílé, débi pé òru ni wọ́n ń pe akọ̀wé yín láti Ìgbòho tí wọ́n ń béèrè ta ló kú. A kò ní tún ìtàn náà sọ. Ohun tó ká wa lára jù ni èyí tó tẹ̀lé e. Wọn kò tíì gbá ìfọ́ gíláàsì kúrò lójú I-95 tán tí àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó lórí WhatsApp láti ra tírélà mìíràn, alápòótí, èyí tó ní ògiri àti òrùlé. Wọ́n ní ó mọ́, ó gùn, owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Nínú gbogbo ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ fi ránṣẹ́, a kò gbọ́ kí ẹnì kan ṣoṣo béèrè ìwọ̀n tó lè gbé.

Òyìnbó eléré ìje ọkọ̀ ló ń tà á. Mazda Miata kékeré kan ló fi ń gbé lọ sí pápá ìje Summit Point ní West Virginia. Á sá eré rẹ̀ tán, á gbé e padà wálé. Àwọn tó lọ wò ó ní ọdún pípẹ́ ló ti fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, tírélà náà kò sì já a kulẹ̀ rí. A gbà wọ́n gbọ́. Miata kò wúwo ju nǹkan bí 2,400 pọ́ùn lọ. Sienna tí àwa fẹ́ tì sínú rẹ̀ ń lọ sí 4,500. Highlander á tó nǹkan bí 4,100. Camry ló fúyẹ́ jù nínú ohun tí àwọn ènìyàn wa ń rà ní gbàǹjo láti fi ránṣẹ́ sí Nàìjíríà, òun náà á tó 3,300.

Ẹ wá wo tírélà ọ̀hún. Ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20, ó fẹ̀ ní mẹ́jọ àtààbọ̀, axle méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀, 3,500 pọ́ùn ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbé. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé 7,000 ni wọ́n kọ sí ìwé pélébé tó wà lára rẹ̀ níwájú, níbi tí ẹ ó ti rí GVWR. Kì í ṣe 7,000 ẹrù. Tírélà fúnra rẹ̀ wà nínú 7,000 yẹn, irú rẹ̀ lófìfo sì máa ń tó nǹkan bí 3,500. Ẹ yọ ọ́. Ohun tó kù fún ẹrù ni 3,500. Bí Camry bá wọlé, díẹ̀ ló kù fún okùn ìdè, jáàkì àti táyà ìpàrọ̀. Bí Highlander bá wọlé, a ti kọjá ààlà kí ẹnikẹ́ni tó ju àpò kan sí i. Ti Sienna, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ ọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́sí ńkọ́? Kì í ṣe ayé, kì í sì í ṣe ọ̀tá ilé, bó ti wù kí ìyá wa kan máa tẹnu mọ́ ọn tó. Iwájú ọkọ̀ gbàǹjo tí wọ́n ń gbé lọ sí èbúté ti rún, ẹ̀yìn ni wọ́n fi fà á wọ orí tírélà ẹgbẹ́, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wá bọ́ sí apá ìdí. Wọ́n tún to jẹnẹrétọ̀ méjì àti táyà tòkunbọ̀ sí ẹ̀yìn pátápátá, nítorí ibẹ̀ ló rọrùn láti ti ẹrù sí. Ìkánjú ló fà á. Àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà ní kí ọkọ̀ àti ìwé rẹ̀ ti wà níwájú wọn ní wákàtí 72 kó tó wọ ọkọ̀ òkun, àwọn ènìyàn wa kì í sì í rántí àfi tó bá ku ọ̀la. Bẹ́ẹ̀ kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú mọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ní Nàìjíríà ti ní kí ọkọ̀ má gba ibodè orí ilẹ̀ wọlé. Ọ̀nà Kútọnu tí Ọ̀kè-Ògùn mọ̀ dunjú ti di èèwọ̀, èbúté nìkan ló kù fún ẹni tí kò fẹ́ ìjàngbọ̀n.

Ẹni tó ń fa tírélà gbọ́dọ̀ mọ èyí sórí: nínú ìwọ̀n tírélà àti ẹrù rẹ̀ lápapọ̀, ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ kó tẹ orí hitch. Bí àpapọ̀ bá jẹ́ 6,000 pọ́ùn, 600 sí 900 ni kó wà lórí ìdí ọkọ̀ tó ń fà á. Bí ẹrù bá pọ̀ sẹ́yìn tí iwájú fúyẹ́, ìdí tírélà á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, bí eré bá sì ti pọ̀, ijó náà kì í dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀. Awakọ̀ wa tẹ bíréèkì, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ìbá ti ṣe. Ohun tó yẹ kó ṣe ni pé kó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí epo, kó di ìdarí mú láìyí i kiri, kó sì fi ọwọ́ mú bíréèkì tírélà nìkan. Ṣùgbọ́n bíréèkì tírélà wo? Wáyà rẹ̀ ti gé láti ìgbà tí ẹnì kan yá a kó àga lọ síbi ìsọmọlórúkọ, tó dá a padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Òfin Maryland sì ní kí tírélà tó bá ju 3,000 pọ́ùn lọ ní bíréèkì tirẹ̀.

Ẹrù àpọ̀jù kò ṣàjèjì sí wa. Ta ni kò mọ lọ́rì oníṣu tó ń kúrò ní Ìgbòho, tó ń gba Ìṣẹ́yìn lọ sí Bódìjà, tí iṣu ga ju orí ọkọ̀ lọ, tí ènìyàn tún gun orí iṣu? Bó bá dojú dé, a ó ní ọ̀nà ló burú. Ọ̀nà I-95 kò burú.

Ìbéèrè kan wà tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ gbọ́ lórí WhatsApp: kí la ó fi fà á? 4Runner tó fa ti ọjọ́sí, 5,000 pọ́ùn ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní kó fà mọ. Sienna, 3,500. Ìyẹn ni pé òfìfo tírélà alápòótí ti gba gbogbo agbára Sienna tán, kò tíì ku ibi tí a ó gbé abẹ́rẹ́ sí. Ẹ fi ti afẹ́fẹ́ kún un, nítorí ògiri náà ń dojú kọ ọ́ gbalasa; ọkọ̀ tó ń fa tírélà pẹrẹsẹ wọ́ọ́rọ́wọ́ á máa mí hẹlẹhẹlẹ nídìí àpótí tí ìwọ̀n wọn dọ́gba. Bí ìjì bá le lórí afárá Chesapeake Bay, irú àpótí bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń dá padà. Pickup ló lè fà á, ẹgbẹ́ wa kò sì ní pickup. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ní in kò pọ̀, àwọn kọ́ ló sì ń pariwo pé ká rà á.

Ẹ̀yin tó ń gbé ìhà Laurel àti Bowie, ẹ gbọ́ ti ọ̀nà. Afárá Francis Scott Key tí a máa ń gbà dé èbúté Dundalk ti wó láti ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí ọkọ̀ òkun Dali lọ kọlù ú, tí òṣìṣẹ́ mẹ́fà sì bá a lọ. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ń bọ̀ láti gúúsù á gba ọ̀nà abẹ́ omi, àbí kó yí Baltimore po. Harbor Tunnel kì í gba ohun tó fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ lọ, tírélà tí wọ́n fẹ́ rà sì fi ààbọ̀ ẹsẹ̀ bàtà jù ú. Ti Fort McHenry ló kù. Àwọn ìyá wa ti ń ṣètò pé tírélà kan náà ni yóò gbé ọkọ̀ lọ sí èbúté ní Jímọ̀, tí yóò tún gbé kánópì, kúlà àti gáàsì lọ sóde ní Sátidé. Ẹ má bínú, ẹ̀yin ìyá wa: ọ̀nà abẹ́ omi méjèèjì kì í gba sílíńdà gáàsì tó ju 10 pọ́ùn lọ, 20 sì ni èyí tí ẹ fi ń dáná.

Inú tírélà náà ńkọ́? Láàárín ilé táyà ọ̀tún àti ti òsì, irú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ínǹṣì 82 lọ. Highlander fẹ̀ tó 76, láìka dígí ẹ̀gbẹ́. Ínǹṣì mẹ́ta-mẹ́ta ló kù lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó wà á wọlé, báwo ni yóò ṣe jáde? Ojú fèrèsé ni. Alága wa kò ní bínú tí a bá sọ pé àwọn kò lè gba ojú fèrèsé ọkọ̀ kankan jáde mọ́. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọ̀ ọ́n rà fi ń wá èyí tó ní ilẹ̀kùn ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ṣí kọjá orí ilé táyà, tàbí kó fi winch fa ọkọ̀ wọlé láìsí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń polówó fún wa kò ní ìkankan nínú méjèèjì. Miata kékeré kò nílò wọn.

Wọ́n ní táyà rẹ̀ ṣì lójú. Ọjọ́ orí ló ń pa táyà tírélà, kì í ṣe ojú. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà níbi tí wọ́n kọ DOT sí, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Ẹ fẹ fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ yẹn dáadáa: 2316. Ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016 nìyẹn. Ẹni tó ń fà á lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò lè jẹ ojú táyà tán. Oòrùn ti jẹ ẹ́ láti inú.

A kò gbàgbé pé olè tú rédíò àti catalytic lára ọkọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nígbà tí àwọn ọkọ̀ náà sùn lórí tírélà pẹrẹsẹ, àpótí tó ṣe é tì ì bá sì gbà wọ́n. Bó bá jẹ́ pé alápòótí ni ìpàdé fọwọ́ sí, kó jẹ́ èyí tó ní axle 5,200 méjì, bíréèkì lórí axle méjèèjì, tí wọ́n kọ 9,990 sí lára. Ó wọ́n, a mọ̀. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Bí ẹ bá bi ẹni tó ń kọ̀wé yìí, tírélà pẹrẹsẹ tó dára tó wa: òfìfo rẹ̀ kò ju nǹkan bí 2,000 pọ́ùn lọ, 7,000 náà ni wọ́n kọ sí lára rẹ̀, Sienna á sì jókòó lórí rẹ̀ láìjalè ìwọ̀n, bó bá ṣáà jẹ́ pickup ló ń fà á.

Ti yíyá ọmọ ẹgbẹ́ ní tírélà ká máa gbowó, èyí tí akápò dábàá, ẹ rọra. Ní kété tí a bá ti ń gbowó, tí a sì ń kọjá láti Pennsylvania tàbí Virginia wọ Maryland, òwò nìyẹn. Bí ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ àti tírélà bá ti dé 10,001 pọ́ùn lápapọ̀, nọ́ńbà USDOT ti kàn wá nìyẹn, ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ ara ẹni lásán kò sì ní dáhùn.

Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ló kù, èyí tí akọ̀wé yín ti ń sọ títí tí ẹ fi ń pè é ní Bàbá Òṣùwọ̀n. Ẹ máa pè é bẹ́ẹ̀. Òṣùwọ̀n wà ní ibùdó àwọn awakọ̀ tírélà ńlá lójú I-95. Ẹ ó gun orí rẹ̀, wọn á fún yín níwèé, ẹ ó rí ohun tó wà lórí axle ọkọ̀ àti ti tírélà ní dúdú àti funfun. Owó rẹ̀ kò tó owó aṣọ ẹbí kan. Láti ìsinsìnyí lọ, ìgbìmọ̀ kò ní yọ̀ǹda kọ́kọ́rọ́ tírélà kankan fún ẹni tí kò mú ìwé òṣùwọ̀n wá, ẹni tó bá bínú kó wá bínú ní ìpàdé.

Kẹ́nikẹ́ni má fi owó àsansílẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ta tírélà náà títí ìpàdé gbogboògbò yóò fi jókòó. Ẹni tó bá tún fẹ́ gbé òmíràn wá fún wa wò, fọ́tò ìwé pélébé ara rẹ̀ àti ti DOT táyà ni kó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, kó fi ti àwọ̀ àti gígùn sílẹ̀ ná. Okùn ìdè mẹ́rin tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ kò sì sí nínú àpótí irinṣẹ́ mọ́. Ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó dá a padà kí ọjọ́ ìpàdé tó pé.