Ilé-Ìkàwé Yẹ Ìkòsì Bí Ọjà Ti Yẹ Ẹ́

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní Ìkòsì, ọkọ̀ akẹ́rù ti já tòmátì àti ata sí ọjà Mile 12, ariwo alárù àti ọlọ́jà a sì gba àdúgbò kan. Inú ariwo yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò WAEC sílẹ̀ ti ń wá ibi ìjókòó. Bí òun, òbí àti àbúrò bá jọ ń gbé yàrá kan ṣoṣo, níbo ni ìwé yóò ti wọ̀ ọ́ lórí? Ilé-ìkàwé Herbert Macaulay wà ní Yábàá lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ lójoojúmọ́ ju agbára ọ̀pọ̀ òbí lọ.

Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka ọjà, ibùdókọ̀, ibi ìpẹran àti itẹ́ òkú mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Kò dárúkọ ilé-ìkàwé. Ibẹ̀ ni káńsù lè sá pamọ́ sí. Bẹ́ẹ̀, òfin kan náà fún un ní ipa nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ẹ̀kọ́ àgbà. Ta ni yóò kọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì láìsí ìwé? Ọdún 2003 ni wọ́n yọ káńsù Ìkòsì-Ìṣẹrì jáde lára Kòsọ́fẹ́, kí ìjọba lè súnmọ́ ará ìlú. Kò yẹ kí ìsúnmọ́ náà mọ sórí owó ọjà.

Kì í ṣe ilé ńlá bí èyí tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde fún Ilé-Ìkàwé Àpapọ̀ ní Àbújá lọ́dún 2006, tí kò parí lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ni Ìkòsì nílò. Gbọ̀ngàn kan tó, tí iná wà níbẹ̀, tí wọn kì í tì ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọmọ ọlọ́jà ṣì ń bá ìyá rẹ̀ palẹ̀ àtẹ mọ́.