Ọkọ̀ Tí A Jó Bọ́nẹ́ẹ̀tì Rẹ̀ Pa

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin awakọ̀ ni n óò kọ́kọ́ bi léèrè. Bí ẹnì kan bá ta ọkọ̀ fún yín, tí ó ní kí wẹ́dà jó bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pa, tí ó ní òun nìkan ni kí ẹ máa gbé e wá bá nígbà tó bá bàjẹ́, ṣé ẹ óò sanwó? Mẹkáníìkì Ládípọ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, iye tó bá sì pè ni ẹ óò san. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjọba ń fi owó orí òṣìṣẹ́ rà nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì.

Ní ọdún tó kọjá, mo fẹ́ gba fọ́ọ̀mù ilé iṣẹ́ ìjọba kan lórí fóònù mi. Fọ́ọ̀mù dé, ó kọ̀, kò ṣí. Ọmọ tó wà ní kafé ní ọjà ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló lè ṣí i. Owó oúnjẹ ọ̀sán mi ni mo fi san án. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù keje ọdún 2014 ni ìjọba wọn ti pinnu pé ìwé tí àwọn bá gbé síta gbọ́dọ̀ wà ní irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè ṣí láìra ọjà ẹnì kan.

Ẹ má sọ pé nǹkan òyìnbó ni. Ẹ rántí Ebola tó wọ Èkó yìí ní oṣù keje ọdún 2014. Ènìyàn 20 ló kó o ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn kú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń ti ilé dé ilé tọpa àwọn tó fara kan aláìsàn. Ẹ̀kọ́ inú iṣẹ́ náà ni àwọn onímọ̀ Jámánì àti àwọn ará ilé wa, pẹ̀lú NCDC, fi ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní SORMAS. Lóòótọ́, kì í ṣe ìkànnì tí èmi àti ẹ̀yin ń ṣí, ṣùgbọ́n wọn kò jó bọ́nẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ pa: àkọsílẹ̀ tó ń mú un ṣiṣẹ́ wà ní gbangba, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè kà á, kí ó sì tún un ṣe. NCDC lò ó fún monkeypox ní 2017. Ghana náà gbà á. Nígbà tí kòrónà dé ní 2020, Jámánì fúnra rẹ̀ gbé e fún àwọn ọ́fíìsì ìlera rẹ̀. Ohun tí a bí nínú wàhálà Èkó!

Àwọn kan ń pariwo pé ọ̀fẹ́ ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àkọsílẹ̀ lè jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba owó oṣù, owó tó péye pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ó sàn kí owó náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ wa tó kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà níhìn-ín ju kí a máa fi san láísẹ́ǹsì lọ́dọọdún sókè òkun. Àwọn tó sì ń bẹ̀rù pé gbogbo ayé yóò rí àṣírí wa, ẹ fọkàn balẹ̀: iṣẹ́ inú ẹ̀rọ ló wà ní gbangba, kì í ṣe orúkọ yín tàbí owó oṣù yín.

Ẹ̀ka wa ní Aswani yóò kọ lẹ́tà sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó pé kí ó wà nínú gbogbo ìwé àdéhùn: ètò tí a bá fi owó ìlú ṣe, kí ìlú ní àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí fọ́ọ̀mù ìjọba bá ti kọ̀ láti ṣí fún, kí ó mú un wá fún akọ̀wé kí a tó ṣèpàdé. A óò so wọ́n mọ́ lẹ́tà náà.