Ẹ Tọpa Wáyà Áláàmù Ilé Yín

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé ní Ìlú Ọba, ọ̀rọ̀ áláàmù ilé ni mo bá wá. Kí oṣù kìíní ọdún 2027 tó parí, ìlà tẹlifóònù àtijọ́ yóò kásẹ̀ nílẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni gbogbo ìpè ilé yóò máa gbà. Ọ̀pọ̀ áláàmù tó wà lára ògiri wa, ìlà yẹn ni wọ́n fi ń ké síta. Bí ìlà bá ti lọ, áláàmù lè máa han gooro nínú ilé, kí iná rẹ̀ máa ṣẹ́jú, kó sì má sí ẹni tó gbọ́ níbi tí à ń sanwó sí lóṣooṣù.

Ohun tó yẹ kí ẹ fi pinnu bóyá áláàmù yín nílò àtúnṣe nìyẹn. Bí àpótí áláàmù náà ṣe gbó tó kọ́ ni ẹ máa wò. Áláàmù ọlọ́dún 15 tí kì í pe ẹnikẹ́ni, tó kàn ń pariwo síta láti lé olè, ọ̀rọ̀ yìí kò kàn án. Bó bá ń dún pìì-pìì lóru, bátìrì inú rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Ọdún bíi mẹ́ta sí márùn-ún ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá wá kanlẹ̀kùn láti ta áláàmù tuntun, tó ní kí ẹ fọwọ́ síwèé lónìí kí ẹ̀dínwó má bàa bọ́, ẹ ní kó máa lọ.

Ẹ tọpa wáyà tó jáde nínú àpótí. Bó bá wọnú ihò tẹlifóònù, ẹ pe ilé-iṣẹ́ tó ń bá yín ṣọ́ ọ, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ dán an wò, ẹ jẹ́ kó dún, kí ẹ wá bi wọ́n bóyá ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé tẹlifóònù yín sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bó bá jẹ́ síìmù ló ń lò, ẹ bèèrè irú èyí tó jẹ́: wọ́n ti ń pa 3G tì, 2G náà kò ní kọjá ọdún 2033.

Bí kò bá dé ọ̀dọ̀ wọn, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ máa tú dànù. Wọ́n lè fi ẹ̀rọ kékeré tó ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun kún un. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ìyẹn, torí ẹni tó ń tajà kì í tètè dárúkọ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí NSI tàbí SSAIB (àwọn àjọ tó ń yẹ iṣẹ́ áláàmù wò) fọwọ́ sí ni kó ṣe é, bí ẹ bá fẹ́ kí ọlọ́pàá máa dá a lóhùn. Ẹ sì bèèrè bátìrì fún ráútà: ìlà àtijọ́ ń ṣiṣẹ́ bí iná ilé bá lọ, ráútà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. (Àwa ọmọ NEPA náà la wá dé ibí tí a gbàgbé pé iná ń lọ!)

Èyí tó ká mi lára jù ni bọ́tìnnì tí àwọn òbí wa ń gbé kọ́rùn, tí wọ́n ń tẹ̀ bí wọ́n bá ṣubú. Ìlà kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, lẹ́yìn tí irú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀ ti já àwọn kan kulẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ńlá bá ìjọba ṣàdéhùn pé àwọn ò ní gbé ẹni tó ń lò ó kúrò lórí ìlà àtijọ́ láìjẹ́ pé ó dájú pé bọ́tìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìyá yín ń lò ó. Ẹ pè wọ́n, ẹ sọ ọ́. Bó bá jẹ́ káńsù ló fún ìyá yín ní bọ́tìnnì náà, ẹ pe káńsù pẹ̀lú. Màmá lè ní kò sí ìyọnu. Ẹ ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi etí ara yín gbọ́ ẹni tó máa dáhùn.