Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ sí Ilẹ̀ Nauru

Ilẹ̀ orílẹ̀-èdè Nauru, erékùṣù kan nínú òkun Pàsífíìkì, kò tó skúẹ́à kìlómítà 22. Síbẹ̀, ó tó ohun tí gbogbo ìlú tó ní kùsà lè fi ṣe àríkọ́gbọ́n.

Láti 1907 ni wọ́n ti ń wa fọ́síféètì níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, Gẹ̀ẹ́sì, Ọsirélíà àti New Zealand ló jọ ń kó o. Owó táṣẹ́rẹ́ ló ń kan onílẹ̀. Nauru gbòmìnira ní 1968, owó wọlé wìtìwìtì, ṣùgbọ́n ìnákùnáà àti òwò tí kò lórí run púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ wo àárín erékùṣù náà lónìí: wọ́n ti ro igbó, wọ́n ti kó iyẹ̀pẹ̀, òkúta iyùn ṣóńṣó-ṣóńṣó ló kù, kò ṣeé dáko sí, kò ṣeé kọ́lé lé. Etí òkun tóóró làwọn aráàlú há mọ́, omi òkun sì ń ga sí i.

Ní 1989, Nauru pe Ọsirélíà lẹ́jọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé nítorí ilẹ̀ tí ìwakùsà bà jẹ́ yìí. Ní 1993, Ọsirélíà gbà láti san mílíọ̀nù 107 dọ́là Ọsirélíà. Owó yẹn nìkan kò tó tún ilẹ̀ náà ṣe.

Ẹni tó jẹ nínú ilẹ̀ Nauru gbọ́dọ̀ bá a tún un ṣe. Kí ìjọba yòówù sì tó fọwọ́ sí ìwé ìwakùsà, kí ó kọ́kọ́ ya owó àtúnṣe ilẹ̀ sọ́tọ̀. Ọmọ tí a kò tíì bí náà ní ìpín níbẹ̀.